Ìyẹ̀fun Àwọ̀ Ìyeyè Tó Ń Sọ Iná LED Di Funfun

Ẹ pa tọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn fóònù yín, kí ẹ wá wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí i pé ojú kékeré náà ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ tan án padà, funfun báláú ni yóò tàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti gílóòbù LED inú ilé, iná sólà ojú pópó, àti àtùpà tí àwọn ìyá alákàrà ń gbé kalẹ̀ lálẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń mú ìmọ́lẹ̀ funfun jáde fúnra rẹ̀. Búlúù ni ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú ṣíìpù wọn jáde. Ìyẹ̀fun tí wọ́n tẹ́ bò ó lórí ló ń sọ ọ́ di funfun, fọ́sífọ̀ sì ni orúkọ irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá bí fọ́sífọ̀ yóò ṣe máa tàn sí i. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé èròjà tó ń tàn ni wọ́n ń bù kún un ṣáá. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ni wíwá ibi tí agbára ti ń jò dànù, kí wọ́n sì dí ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí búlúù ṣe ń di funfun. Ṣíìpù LED kì í sábà ju mìlímítà kan sí méjì lọ ní ìbú. Gallium nitride tí wọ́n fi indium díẹ̀ sí ni wọ́n fi ń ṣe é, ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi nànómítà 450. Tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá wọ inú fọ́sífọ̀, apá kan rẹ̀ á kọjá láìyí padà. Ìyẹ̀fun náà á gbé apá kejì mì, á sì tú u jáde ní àwọ̀ mìíràn, láti orí àwọ̀ ewé títí dé pupa díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyeyè ló máa ń pọ̀ jù. Nígbà tí búlúù tó kọjá àti ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde bá jọ wọ ojú wa, funfun ni ojú ń rí. Ìdí nìyí tí ojú LED fi máa ń ní àwọ̀ ìyeyè nígbà tí kò bá sí iná: fọ́sífọ̀ ń gbé búlúù inú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán mì, ó sì ń ta ìyókù padà.

Ní nǹkan bí ọdún 2021, àwọn ará ìlú kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé iná òpópónà wọn ń di àwọ̀ àlùkò. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ gílóòbù kankan. Fọ́sífọ̀ ló ń ṣí kúrò lójú ṣíìpù, búlúù tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá ń yọ síta. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohun kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́.

Fọ́sífọ̀ tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní YAG:Ce. YAG ni kírísítálì tí wọ́n fi ítíríọ́mù, alumíníọ́mù àti ọ́síjìn ṣe. Ce ni sírìọ́mù díẹ̀ tí wọ́n fi sínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Blasse àti Bril, ti iléeṣẹ́ Philips ní Netherlands, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1967. Iná ilé kọ́ ló wà lọ́kàn wọn nígbà náà. Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ni wọ́n wá a fún, torí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń kú kíákíá tí ohun tó tan án bá ti kúrò. Iléeṣẹ́ Nichia ní Japan, tó jẹ́ pé fọ́sífọ̀ ló ń tà kó tó wọnú iṣẹ́ LED, ni Shuji Nakamura ti ṣe LED búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1993. Nígbà tó di ọdún 1996, iléeṣẹ́ náà ti tẹ́ YAG:Ce lé LED búlúù lórí, wọ́n sì ti ń ta LED funfun. Ní ọdún 2014, Nakamura pẹ̀lú Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì nítorí LED búlúù.

Èrè ibẹ̀ hàn gbangba tí a bá fi lúmẹ́nì wọn ìmọ́lẹ̀. Gílóòbù onírin pupa ti àtijọ́ kì í mú ju nǹkan bíi lúmẹ́nì 15 jáde lórí wátì kan. LED tó dára lóde òní ti kọjá lúmẹ́nì 150 lórí wátì kan náà. Ẹni tó ń fi ìnfátà àti bátìrì ṣe iná mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ nígbà tó bá di aago méjì òru.

Sírìọ́mù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wà lára àwọn mẹ́táàlì 17 tí wọ́n ń pè ní rare earth. Nínú ilẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó bàbà. Ohun tó le ni yíyà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, torí pé ìwà wọn jọra púpọ̀. Mónásáìtì tó máa ń bá tíìnì jáde níbi ìwakùsà Jos ní í nínú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ náà ti ń wáyé.

Sírìọ́mù tó wà nínú kírísítálì YAG ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta. Lára àwọn tó kù, ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní ipele tí àwọn onímọ̀ ń pè ní 4f. Tí búlúù bá bà á, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí á gòkè lọ sí ipele 5d. Kì í pẹ́ níbẹ̀. Láàárín nǹkan bíi nànósẹ́kọ́ńdì 60 sí 70, á já padà sílẹ̀, á sì tú agbára tó gbà sílẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Ipele 4f fara pamọ́ sínú átọ́ọ̀mù, àwọn aládùúgbò kò rí i fọwọ́ kàn. Ipele 5d wà níta gbangba ní tirẹ̀. Bí àwọn ọ́síjìn tó yí i ká bá sún mọ́ ọn tàbí tí wọ́n jìnnà sí i, gíga rẹ̀ á yí padà, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà á sì yí. Ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń rí àyè ṣe àtúnṣe nìyẹn. Àmọ́ agbára tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà gbà lè má jáde gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ rárá. Ó lè di ooru. Bí ọ̀nà ooru yìí yóò ṣe há ni gbogbo akitiyan dá lé.

Àtúnṣe yẹn bẹ̀rẹ̀ látibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun náà. Wọ́n á wọn ọ́síàdì ítíríọ́mù, ọ́síàdì alumíníọ́mù àti ọ́síàdì sírìọ́mù lórí ìwọ̀n tó mọ gíráàmù já sí wẹ́wẹ́. Funfun ni gbogbo wọn, tàbí kí ọ̀kan ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Wọ́n á bu barium fluoride tàṣẹ́rẹ́ sí i. Òun ló máa ń yọ́ ṣáájú nínú iná, tó ń jẹ́ kí àwọn átọ́ọ̀mù yòókù rí ọ̀nà rìn dé ọ̀dọ̀ ara wọn. Wọ́n á lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á dà á sínú ìkòkò alumínà tí iná kò lè ràn, wọ́n á sì gbé e sínú ìléru tí ooru rẹ̀ wà láàárín 1500 sí 1600 °C. Nígbà tí ìléru bá tutù, ohun tó wọlé ní funfun ti di ògúlùtu àwọ̀ ìyeyè. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á fi ásíìdì tí wọ́n fi omi là fọ ìyókù fluoride kúrò, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì sẹ́ ẹ.

Atẹ́gùn lásán kọ́ ló máa ń wà nínú ìléru yìí. Náítírójìn tí wọ́n fi haidirójìn díẹ̀ sí, tí kì í sábà ju ìdá 5 nínú 100 lọ, ni wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀. Ìdí ni pé sírìọ́mù inú ọ́síàdì tí wọ́n rà wọlé ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin, kì í ṣe mẹ́ta. Ẹyọ kan tí ì bá gòkè ti lọ, kò sì sí ohun tí búlúù yóò gbé. Haidirójìn ló ń gba ọ́síjìn tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà fi ń padà wá. Tí atẹ́gùn bá rí ihò wọ ìléru, àwọ̀ ìyẹ̀fun náà á ṣá, kò sì ní tàn bó ṣe yẹ, bó ti wù kí sírìọ́mù inú rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìjò kejì ni ìdọ̀tí. Àwọn mẹ́táàlì bí irin lè gba agbára lọ́wọ́ sírìọ́mù kí wọ́n sì sọ ọ́ di ooru, kódà nígbà tí ìwọ̀n wọn kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ìdí nìyẹn tí èròjà tí wọ́n ń lò fi gbọ́dọ̀ mọ́ dé ìwọ̀n 99.99 nínú 100, tí odó àti ọmọ odó tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ kì í sì í ṣe onírin. Àbùkù inú kírísítálì fúnra rẹ̀ náà ń jò. Níbi tí átọ́ọ̀mù kan ti sọnù, tàbí tó jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, agbára lè há síbẹ̀. Ooru gíga àti barium fluoride tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ń ṣèrànwọ́ níbí, torí wọ́n ń jẹ́ kí kírísítálì náà tò dáadáa.

Ìwọ̀n sírìọ́mù ni ọ̀rọ̀ tó kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí ti máa ń ṣìṣe. Nínú ìdá 100 àyè tí ítíríọ́mù ń gbé, ìdá 1 sí 3 ni wọ́n sábà máa ń fún sírìọ́mù. Tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, búlúù tí ìyẹ̀fun náà ń gbé mì kò ní tó. Tó bá pọ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù dípò kó pọ̀ sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn átọ́ọ̀mù sírìọ́mù á sún mọ́ ara wọn débi tí wọ́n á máa ta agbára fún ara wọn láìtú u sílẹ̀. Ẹ wo àwọn ènìyàn tó tò láti odò dé ilé, tí wọ́n ń gba garawa omi lọ́wọ́ ara wọn: bí ìlà náà bá ṣe gùn tó ni ó ṣe rọrùn tó kí garawa dé ọwọ́ ẹni tí garawa tirẹ̀ ti lu. Ẹni tó lu yẹn ni irin tàbí àbùkù tí a sọ lókè. Sírìọ́mù tó jìnnà síra kì í fi agbára ránṣẹ́, ibi tó bá wà ló ti ń tú u jáde. Yàtọ̀ sí èyí, átọ́ọ̀mù sírìọ́mù tóbi ju ti ítíríọ́mù lọ, kírísítálì náà kò sì lè gba púpọ̀ rẹ̀ láìdàrú.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni àwọ̀. Bí a ti sọ pé àwọn aládùúgbò ló ń pinnu gíga ipele 5d, ẹni tó bá fẹ́ yí àwọ̀ padà yóò yí àwọn aládùúgbò náà padà. Tí wọ́n bá fi gadolínìọ́mù rọ́pò ítíríọ́mù díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á yí sí apá pupa. Tí wọ́n bá fi gálíọ́mù rọ́pò alumíníọ́mù, tàbí lùtẹ́tíọ́mù rọ́pò ítíríọ́mù, á yí sí apá àwọ̀ ewé. Àtúnṣe yìí kì í sábà wá lọ́fẹ̀ẹ́. Gadolínìọ́mù tàbí gálíọ́mù tó pọ̀ máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fọ́sífọ̀ náà tètè dín kù nínú ooru.

Ooru yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí pé ojú LED tó lágbára lè gbóná dé 150 °C. Bí kírísítálì bá ń gbóná, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ á máa mì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lókè á sì tètè rí ọ̀nà mìíràn gbà já sílẹ̀ láìmú ìmọ́lẹ̀ dání. YAG:Ce ń gbìyànjú dáadáa níbí. Tí sírìọ́mù inú rẹ̀ bá kéré gan-an, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ní já sí ìdajì títí ooru yóò fi kọjá 300 °C. Tí sírìọ́mù bá pọ̀, kì í lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ooru tún ń mú kí fífi agbára ránṣẹ́ láàárín wọn yá sí i.

Èyí tó ti ń yọ àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ni pupa. YAG:Ce nìkan kò ní pupa tó. Aṣọ òkè tí ẹ rà lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀ lè yí àwọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ tí ẹ bá gbé e síta sínú oòrùn. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn ni CRI. 100 ni òpin rẹ̀, LED tó ní YAG:Ce nìkan sì máa ń wà láàárín 70 sí 80. Yúrópíọ́mù, tòun náà jẹ́ rare earth, ni wọ́n gbójú lé láti fi kún un. Yúrópíọ́mù tó pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta ló ń ṣe pupa inú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti inú àwọn iná gígùn, láàárín nànómítà 611 sí 626, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ gbé búlúù mì. Èyí tó pàdánù méjì péré ló bá LED mu, nítorí pé ipele 5d lòun náà ń lò. Tí náítírójìn bá wá rọ́pò ọ́síjìn láyìíká rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á lọ títí dé pupa. Bí CaAlSiN3:Eu ṣe jáde láti Japan ní ọdún 2006 nìyẹn, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ga jù ní nǹkan bíi nànómítà 650.

Ìjò mìíràn tún yọjú níbẹ̀, inú ojú wa ló sì wà. Nànómítà 555 ni ojú ènìyàn ti ń ríran jù. Tí ìmọ́lẹ̀ bá dé 650, ohun tí ojú ń rí nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Pupa tó bá fẹ̀ á na apá kan agbára rẹ̀ sí ibi tí ojú kò ti rí nǹkan kan mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá pupa tó há. Ní ọdún 2014, àwọn ẹgbẹ́ Wolfgang Schnick ní Munich, Jámánì, gbé SrLiAl3N4:Eu jáde. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bíi nànómítà 50 lọ, nígbà tí ti CaAlSiN3:Eu sún mọ́ 90. K2SiF6:Mn, tó ń tàn ní nǹkan bíi nànómítà 630, há ju ìyẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé manganíìsì tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe rare earth.

Nínú àwọn fọ́sífọ̀ mìíràn, wọ́n máa ń pe alábàáṣe wọlé. Tẹ́bíọ́mù, rare earth mìíràn, ń tan àwọ̀ ewé tó dára, ṣùgbọ́n kì í gba agbára dáadáa fúnra rẹ̀. Sírìọ́mù tí wọ́n bá fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á gbà á, á sì gbé e fún un. Bákan náà, tí yúrópíọ́mù tó pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta bá jókòó síbi kálísíọ́mù tó pàdánù méjì, kírísítálì kò ní dọ́gba, àbùkù á sì wọlé. Lítíọ́mù díẹ̀ ni wọ́n fi ń mú un dọ́gba padà.

Ìyẹ̀fun tó pé lẹ́yìn gbogbo èyí ṣì lè bàjẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹ. Èérún rẹ̀ tó kéré jù á fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, apá kan á sì padà sínú ṣíìpù. Èyí tí wọ́n sábà ń lò nínú LED wà ní máíkírónì 10 sí 20. Sílíkónì tí wọ́n fi ń pò ó lè dúdú lára ooru, pàápàá nínú gílóòbù olówó pọ́ọ́kú. Fún iná tó lágbára gan-an, gẹ́gẹ́ bí ti iwájú àwọn ọkọ̀ kan tó ń lo lésà, wọ́n ti kọ sílíkónì sílẹ̀. Inú dígí ni wọ́n ń fi fọ́sífọ̀ sí, tàbí kí wọ́n sun ún di séráámíìkì láìpò ó mọ́ nǹkan kan, kí ooru lè rí ọ̀nà jáde.

Nísinsìnyí, nínú 100 fótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀, tí YAG:Ce tó dára bá gbé mì, ó ń dá èyí tó lé ní 90 padà. Ìyẹn fi hàn pé wọ́n ti dí èyí tó pọ̀ jù nínú ihò rẹ̀. Ọ̀kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè dí. Fótọ́ọ̀nù ìyeyè kò ní agbára tó ti búlúù tó bí i. Láti 450 dé 560, nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ló ń di ooru, kódà bí gbogbo fótọ́ọ̀nù bá padà wá. Iye tí pípààrọ̀ àwọ̀ ń gbà nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí iṣẹ́ fi ti ń yí sí apá pupa tó há àti bí ooru yóò ṣe jáde, dípò YAG:Ce fúnra rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ra gílóòbù lè rí èso gbogbo iṣẹ́ yìí lára páálí rẹ̀. Kó wo lúmẹ́nì, kó pín in sí wátì: wátì 9 tó ń mú lúmẹ́nì 900 jáde ń fún un ní 100 lórí wátì kan. Kó tún wo CRI, torí òun ló ń sọ bóyá wọ́n fi pupa sí fọ́sífọ̀ náà tó. Páálí tó bá dákẹ́ lórí méjèèjì, wátì tó kọ sójú rẹ̀ kàn ń sọ iye iná tí gílóòbù náà yóò jẹ ni. Kò sọ iye tí yóò tàn.